Bọ̀dá mi fẹ́ ra streamer olówó gọbọi fún Bàámi. Èmi ni wọ́n ní kí n yàn án.

Thread gígùn ni o. Ẹ wá ibì kan jókòó sí.

Bọ̀dá mi wà ní Manchester. Bàámi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi ń gbé ní Ọ̀yọ́. Bọ̀dá mi ya 2,000 pọ́n-ùn sọ́tọ̀ láti ra streamer fún Bàámi, wọ́n wá ní kí èmi yan èyí tó dára jù torí pé èmi ni mo ń ṣe content. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n: tí o bá ti lè gé fídíò pọ̀, gbogbo ẹbí ti gbà pé o lè tún tẹlifíṣọ̀n ṣe nìyẹn.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: streamer ni àpótí kékeré tó máa ń gba orin láti orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí láti inú flash drive, tó sì máa ń gbé e fún amplifier àti sípíkà tó wà nílé. Kì í ṣe sípíkà Bluetooth o. Fóònù yín kàn dà bíi rìmóòtù ni, àpótí yẹn fúnra rẹ̀ ló ń lọ gbé orin wá. Tí ẹnì kan bá pè yín lórí fóònù, orin ò ní dúró.

Nǹkan méjì pàtàkì ló wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni kọ̀ǹpútà kékeré tó ń bá íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀. Èkejì ni DAC, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń sọ nọ́ńbà di ohùn tí amplifier lè gbé jáde. Orúkọ ńlá ló pọ̀ nínú ìyókù.

Owó rẹ̀ wá ńkọ́? Ilé iṣẹ́ Linn ní Scotland gbé Klimax DS jáde ní 2007, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń ra CD. Ní 2009, wọ́n kéde pé àwọn ò ní ṣe ẹ̀rọ CD mọ́. Èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2021, Klimax DSM, 30,000 pọ́n-ùn ni wọ́n tà á nígbà tó jáde. Ní 2022, WiiM Pro jáde ní 149 dọ́là. Ẹ tún un kà. Iṣẹ́ tí a sì rán àwọn méjèèjì ò yàtọ̀: ẹ lọ gbé orin wá.

Ẹ má tíì bínú sí Bọ̀dá mi. Tíṣà ni Bàámi. Wọ́n ta mọ́tò wọn kí Bọ̀dá mi tó lè parí yunifásítì, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ẹnu iṣẹ́ fún ọdún mélòó kan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ pé ká wo èyí tí kò wọ́n, ohun tí Bọ̀dá mi sọ ni pé: "Ṣé Bàbá ò tó ẹni tí a ń ra ojúlówó fún ni?" Kí lèèyàn máa fi dáhùn ìyẹn?

Torí náà mo lọ bi ẹni tó ni etí. Bàámi ní àpótí àwo kan, nǹkan bí 120 àwo. Jùjú, àpàlà, sákárà, ewì, ìjálá. Àmọ́ orúnkún ń dùn wọ́n báyìí. Ojú àwo kan ò ju nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lọ, wọ́n á sì dìde lọ yí i. Ó ti tó ọdún méjì tí wọn ò ṣí àpótí yẹn mọ́. Mo ṣàlàyé streamer fún wọn dáadáa. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n wá béèrè ohun kan ṣoṣo: "Àbẹ̀ní, ṣé ẹ̀rọ yẹn mọ Fọ́yánmu?"

Ògúndáre Fọ́yánmu, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀gá nínú ìjálá sísun. Mo wá a lórí gbogbo app tó wà lórí fóònù mi. Èyí tí mo rí kò tó ìdajì ohun tó wà nínú àpótí Bàámi. Ẹ wò ó, streamer 30,000 pọ́n-ùn ò lè gbé ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbé síbẹ̀ wá.

Síbẹ̀ mo fẹ́ fi etí ara mi gbọ́ ọ, kí n má baà máa fi ẹnu lásán ta ko Bọ̀dá mi.

Bàbá kan wà ní Ọ̀yọ́ níbí, ní apá Owódé, ọ̀rẹ́ Bàámi láti ìgbà èwe. Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì, wọ́n sì kó ẹ̀rọ orin wọn bọ̀ wálé. Streamer tiwọn lé ní 3,000 pọ́n-ùn. Mo gbé laptop mi lọ, pẹ̀lú DAC kékeré kan tí kò tóbi ju àpótí ìṣáná lọ. Fáìlì kan náà la fi sí méjèèjì, orin King Sunny Adé látinú Juju Music tó jáde ní 1982. A fi app mú ohùn méjèèjì dọ́gba, torí pé èyí tó bá ròkè díẹ̀ ni etí máa ń sọ pé ó dára jù. Ọmọọmọ Bàbá ló ń yí i padà lẹ́yìn wa. A ò mọ èyí tó ń kọrin.

Ìgbà 12 la gbọ́ ọ. Bàbá gba 6, èmi gba 5. Ẹni tó bá ju owó sókè á gba iye yẹn náà. Bàbá rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní kí n má gbé èyí sórí íntánẹ́ẹ̀tì o. (Wọ́n ti fún mi láyè báyìí, ẹ fọkàn balẹ̀.)

Kí ló fà á? Nọ́ńbà ni orin tó ń gba inú íntánẹ́ẹ̀tì bọ̀. Tí ẹyọ kan bá sọnù lọ́nà, ẹ̀rọ á ní kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́, orin á sì ti ṣáájú dé sínú àpótí kó tó dún. Torí náà, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì olówó ńlá kò sọ orin di ọ̀tun. DAC tó dáa náà ò wọ́n mọ́ bíi ti ìgbà kan.

Nǹkan méjì ló yí ohùn padà gidi lọ́jọ́ yẹn.

Èkíní: a gbé sípíkà kúrò ní kọ̀rọ̀, a sì sún àga Bàbá kúrò lára ògiri. Bàásì tó ń hó gùdù-gùdù tẹ́lẹ̀ wá mọ́ kedere. Ọ̀fẹ́ ni o.

Èkejì ló mú mi lọ́kàn jù. Àwo àtijọ́ kan wà tí mo rí lórí app ní ọ̀nà méjì, èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbé wọn síbẹ̀. Ará ilé kejì Bàbá jẹ́ ọmọ Àyàn, a pè é wá gbọ́. Ní àkọ́kọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń tún ọ̀rọ̀ tí ìyáàlù ń sọ sọ fún wa, ó ń dárúkọ ẹni tí wọ́n ń kì. Ní èkejì, ó dákẹ́. Ó ní: "Ó ń dún, àmọ́ kò sọ̀rọ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìyẹn kà. Ẹni tó gbé èkejì yẹn síbẹ̀ ti fi ẹ̀rọ nu ariwo àwo kúrò, ó wá nu ẹnu ìlù mọ́ ọn. Èdè tiwa, ohùn ni. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ìlù sì ń fi ohùn yẹn sọ̀rọ̀. Tí fáìlì bá ti bàjẹ́, streamer olówó gọbọi á kàn fi ìbàjẹ́ yẹn hàn yín kedere ni.

Mi ò sọ pé ẹ̀tàn ni àwọn ẹ̀rọ ńlá o. Ti Bàbá ní ojú gbàgàdà tí àgbàlagbà lè rí kà láìwo fóònù. App rẹ̀ kì í dá wọn láàmú. Òmíràn lè mú ohùn bá iyàrá mu. Ìrọ̀rùn nìyẹn, ó sì tó ohun téèyàn ń sanwó fún tí owó bá wà. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé ìrọ̀rùn lẹ ń rà.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ti dátà, torí Ògbómọ̀ṣọ́ là ń wí, a ò sí ní Manchester. Orin tó dára bíi CD máa ń jẹ nǹkan bí 400 MB ní wákàtí kan. Wákàtí 3 lójúmọ́ á jẹ́ 1.2 GB, ìyẹn 36 GB lóṣù. Èyí tí wọ́n ti fún pọ̀ sí 320 kbps á jẹ nǹkan bíi 13 GB lóṣù. Hi-res 24-bit/192 kHz, tí a kò bá fún un pọ̀ rárá, lé ní 4 GB ní wákàtí kan ṣoṣo! Ta ló fẹ́ máa ra dátà yẹn fún Bàámi lóṣooṣù?

Iná náà ńkọ́. Kọ̀ǹpútà ni streamer. Tí iná bá lọ, ó kú. Tí iná bá dé, router á kọ́kọ́ jí, streamer á jí tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni orin. Kí ẹ tó parí ìyẹn, wọ́n tún ti lè mú iná lọ. Ẹ tún wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ kí ẹ tó rà á: èyí tí wọ́n bá rà ní Britain, iná 230V ni bíi tiwa, ojú púlọ́ọ̀gì rẹ̀ náà sì bá tiwa mu. Tí ẹnì kan bá fẹ́ rà á láti Amẹ́ríkà, kó rí i pé wọ́n kọ 100–240V sí i lára, torí iná tiwọn ò ju 120V lọ.

Nǹkan kan tún wà tí ẹni tó ń gbọ́ jùjú gbọ́dọ̀ béèrè: gapless. Láyé àtijọ́, orin kan lè wọnú òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ ojú àwo dé òpin, ìlù ò ní dúró. Tí wọ́n bá gé e sí mẹ́rin lórí app, tí streamer ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń so ó pọ̀, orin á máa dákẹ́ láàárín ijó. Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó.

Báyìí ni mo ṣe to gbogbo rẹ̀ fún Bọ̀dá mi nínú voice note kan. Mo fi ìbéèrè Bàámi nípa Fọ́yánmu sí i, ní ohùn Bàámi fúnra wọn. Mo wá sọ pé: Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká ra streamer tí kò ju 300 pọ́n-ùn lọ, tó ní ojú USB, tó lè ka FLAC láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ká fi ìyókù ra inverter àti bátìrì, abẹ́rẹ́ tuntun fún ẹ̀rọ àwo, àti ohun tí màá fi gba orin inú àwo sínú laptop. Bàbá á gbọ́ orin tiwọn, wọ́n á sì rí iná lò.

Wọn ò fèsì títí ilẹ̀ fi ṣú. Lálẹ́, wọ́n pè mí. Wọ́n ní: "Mo gbọ́ ohùn Bàbá. Ó dáa. Àmọ́ inverter yẹn, èyí tó lágbára ni ká rà o."

Nǹkan ti dé báyìí. Gbogbo Sátidé ni mò ń wọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwo 4 lóòjọ́, Audacity ni mo fi ń gbà á, ọ̀fẹ́ ni. Kò ṣeé kánjú ṣe: àwo 40 ìṣẹ́jú á gba 40 ìṣẹ́jú. A ti ṣe 20. Tí 120 bá pé, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 80, ìyẹn bíi 32 GB. Flash drive 64 GB gbà á. Ẹ̀dà kan á wà ní Ọ̀yọ́, òmíràn á lọ sí Manchester. A ò gbé e síta o, ti etí ilé wa ni.

Bàámi ló ń pe orúkọ orin, èmi ń tẹ̀ ẹ́. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ láìsí àmì ohùn, àbí ẹ rò pé tíṣà máa gbà? "Àbẹ̀ní, fi àmì sí i. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe orúkọ ọmọ èèyàn ni?" Torí náà, streamer Bàámi ló ṣeé ṣe kó ní àmì ohùn tó péye jù ní gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́.

Kí n ṣe é ní ṣókí fún ẹni tó fẹ́ rà fún ara rẹ̀ tàbí fún òbí:

Ẹ bi ẹni tó máa gbọ́ ọ pé orin ta ló fẹ́, kí ẹ sì wá orin yẹn kí ẹ tó wá ẹ̀rọ.
Ẹ wò ó bóyá app tí ẹ ń san owó fún wà nínú rẹ̀ gan-an. Mi ò tíì rí streamer ńlá tí Boomplay wà nínú rẹ̀, Bluetooth lẹ máa fi gbé e wọlé.
Ojú USB, FLAC, gapless. Mẹ́ta yìí, ẹ má fojú fò ó.
Sípíkà, iyàrá àti iná ni kí owó kọ́kọ́ lọ sí.
Ẹ bi wọ́n bí app rẹ̀ ṣe pẹ́ tó, àti bóyá wọ́n ṣì ń tún un ṣe. Tí app bá kú, àpótí dídán lásán ló kù.

Ẹnikẹ́ni ò sanwó fún mi láti kọ èyí, ìdí nìyẹn tí mi ò fi dárúkọ èyí tí a rà.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti orí kọ́bọ́ọ̀dù àwọn òbí yín. Ooru àti eruku ò dúró de ẹnikẹ́ni. Àwo tó bá ti ká tàbí tó ti ya, tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kò sí streamer tó máa rí i gbé wá mọ́.

Àwo ta ló wà nínú àpótí ilé tiyín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kí ẹ sì fi àmì sí i, Bàámi ń kà á.