Ọ̀rọ̀ Ẹnu Olórí Òwò

Ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkójọ ìwé ìrántí yìí ní kí àwa mẹ́ta tí a jọ jáde ní 1988, tí a sì jọ ní ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì kan ní Ìbàdàn, kọ díẹ̀ nípa ohun tí ó wúlò jù lọ fún ẹni tí yóò darí òwò. Bóyá wọ́n retí pé a ó sọ̀rọ̀ lórí owó ìdókòwò tàbí ìṣirò. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni a yàn, nítorí a ti rí ju ilé-iṣẹ́ kan lọ ní àdúgbò wa tí owó kò wọ́n níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ kò gbọ́ ara wọn yé, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì wà ní títì lónìí.

Ilé-ẹ̀kọ́ wa kò fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣeré. Ní àpéjọ òwúrọ̀, kò sí ẹni tí kì í kàn láti ka Bíbélì sétí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, kí ohùn rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó wà lẹ́yìn pátápátá láìsí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹgbẹ́ aṣàríyànjiyàn ń pàdé nínú gbọ̀ngàn. Ibẹ̀ ni a ti kọ́ bí a ti ń to ọ̀rọ̀, bí a ti ń dúró láìgbọ̀n, àti bí a ti ń fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ kí agogo tó lù. Ọ̀kan nínú wa gba ife-ẹ̀yẹ àríyànjiyàn lẹ́ẹ̀mejì, kò sì jẹ́ kí á gbàgbé rẹ̀ títí di òní.

A dúpẹ́ fún gbogbo èyí. Síbẹ̀, ohun méjì wà tí a ní láti lọ kọ́ níta. Èkíní ni pé nínú àríyànjiyàn, ẹni tí ó bá borí ni ó gba ife. Nínú òwò, ẹni tí o fi ọ̀rọ̀ borí ní òwúrọ̀ ni yóò wa ọkọ̀ rẹ ní ọ̀sán. Èkejì jẹ mọ́ èdè, ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ láìfi bò. Ní àkókò tiwa, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ìjìyà ń bẹ fún ẹni tí a bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ láàárín ọgbà. Fànákúlà ni a ń pè é, bí ẹni pé orúkọ àrùn ni. A mọ̀ pé ire ni àwọn olùkọ́ wa ń wá fún wa, Gẹ̀ẹ́sì náà sì ti ṣe wá lóore ní báńkì àti ní ọ́fíìsì ìjọba. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ìdí òwò, a rí i pé nínú òṣìṣẹ́ 34 tí a ní, àwọn tí ó lè ka lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kan tán, kí wọ́n sì mọ ohun tí ó béèrè lọ́wọ́ wọn, kò ju mẹ́sàn-án lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ifẹ̀ láti 1970 láti fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní gbogbo ọdún mẹ́fà àkọ́bẹ̀rẹ̀ kì í rẹ̀yìn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Bí ọ̀gá kan kò bá mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀, kí ó padà sí Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí kejìlá. Rehoboamu kò ṣe aláìní ìṣúra tàbí ọmọ ogun. Àwọn ènìyàn wá bá a ní Ṣekemu, wọ́n ní kí ó mú kí àjàgà tí bàbá rẹ̀ gbé kọ́ wọn lọ́rùn fúyẹ́. Ó gba ọjọ́ mẹ́ta láti ronú, èyí dára. Ó gbọ́ ti àwọn àgbà, ó gbọ́ ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, èyí náà kò burú. Ìdáhùn líle kan ṣoṣo ni ó mú ẹ̀yà mẹ́wàá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí a máa ń fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ oníṣòwò ṣàkíyèsí níbẹ̀ ni pé nínú gbogbo àwọn olùdámọ̀ràn rẹ̀, àgbà àti ọ̀dọ́, kò sí ọ̀kan tí àjàgà náà wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sì ti bàjẹ́ tán, Adoramu, ọ̀gá àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ipá, ni ó rán sí wọn dípò kí ó lọ fúnra rẹ̀.

Ní ayé tiwa, Gerald Ratner ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí ń ta ohun ọ̀ṣọ́ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹrin ọdún 1991, ó dúró níwájú àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú Royal Albert Hall ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì fi ọjà tirẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ pé kò ní láárí, kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti fi owó oṣù ra yẹtí lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyàwó tàbí ìyá wọn kà á nínú ìwé ìròyìn. Nǹkan bíi 500 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ni ó ré kúrò lára iye tí ilé-iṣẹ́ náà tó. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, òun fúnra rẹ̀ fi ipò sílẹ̀, wọ́n sì yí orúkọ ilé-iṣẹ́ náà padà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Àwọn àgbà wa kò dé Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n tó sọ ọ́.

Èyí tí ó ṣojú wa nìyí. Ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ mú owó ìrànwọ́ orí epo kúrò, lítà bẹntiróòlù kan tí kò tó 200 náírà sì di nǹkan bíi 500. Kí oṣù kẹfà tó parí, wọ́n ti dá náírà sílẹ̀ kí ó máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan tí ó wà ní nǹkan bíi 470 náírà ní báńkì kọjá 700. Àlìkámà tí a fi ń ṣe ìyẹ̀fun búrẹ́dì, òkè òkun ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá. Kí ẹnikẹ́ni tó pe ìpàdé ni ọ̀rọ̀ ti ń rìn nínú ilé-iṣẹ́ wa: wọ́n ní a ó lé ìdajì òṣìṣẹ́, wọ́n ní a ti ta ọkọ̀ kan (ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni ọkọ̀ náà wà), wọ́n ní ọ̀kan nínú wa ti gba físà, ó ń lọ sí Kánádà.

Akọ̀wé ìṣirò wa, ọmọlúàbí ènìyàn, dá a lábàá pé kí á tẹ ìkéde kan ní Gẹ̀ẹ́sì, kí á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Ó ti kọ ọ́ pàápàá, Gẹ̀ẹ́sì náà sì dùn-ún kà. Ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú wa, obìnrin tí ó jẹ́ alágogo ilé-ẹ̀kọ́ ní àkókò tiwa, kọ̀. Ó ní bí ìròyìn búburú bá ń bọ̀, ẹnu ẹni tí ó ni ilé ni ó yẹ kí ó ti jáde, kí irọ́ tó gba àyè rẹ̀. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a pa ẹ̀rọ tí ń po ìyẹ̀fun. Ariwo rẹ̀ ti mọ́ gbogbo ilé lára débi pé nígbà tí ó dákẹ́, àwọn tí ó wà nídìí ààrò jáde wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Kò ṣe àlàyé kankan lórí ọrọ̀ ajé àgbáyé. Ó ní kí wọ́n gbé àpò ìyẹ̀fun oníkílò 50 kan sí àárín, ó fi ìwé owó tí a san lórí irú rẹ̀ ní oṣù kẹrin hàn wọ́n, àti èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ san. Ó béèrè pé búrẹ́dì mélòó ni ń jáde nínú àpò kan. Àwọn ni wọ́n dáhùn, nítorí wọ́n mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Wọ́n jọ yọ owó epo, owó iná, owó ọ̀rá tí a fi ń dì í, àti owó oṣù. Ohun tí ó kù lórí búrẹ́dì kan kéré débi pé ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, kì í sì ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Nígbà náà ni ó sọ ohun tí a ti fẹnu kò sí: a kò ní lé ẹnikẹ́ni fún oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n owó àṣekún iṣẹ́ yóò dúró, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì ní gba owó oṣù tiwa. Ní ti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó ní àwa náà kò tíì mọ̀ ọ́n. A rò pé gbólóhùn yìí ni wọ́n gbà gbọ́ jù lọ.

Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó dákẹ́. Èyí ni ẹgbẹ́ aṣàríyànjiyàn kò kọ́ wa. Ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́. Ẹni tí ó gba ife-ẹ̀yẹ ti fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dí i, obìnrin náà sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Bàbá kan tí ó ti ń bójú tó ààrò láti 1999 tí a ti bẹ̀rẹ̀ wá sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti ń rí i pé ààrò méjì ń jó ní gbogbo òru, nígbà tí búrẹ́dì tí ó wà nínú èkejì kò tó ìdajì àyè rẹ̀. Bí a bá yí àkókò pípo ìyẹ̀fun padà, ààrò kan yóò tó fún ọjọ́ mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀. Ó ní òun rò pé ohun tí a kà nínú ìwé ni a fi ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Epo tí ìyẹn yọ sílẹ̀ kò sọ wá di ọlọ́rọ̀, ṣùgbọ́n ó gbé wa kọjá oṣù mẹ́ta náà. Òṣìṣẹ́ méjì fi wá sílẹ̀ síbẹ̀. Owó àṣekún iṣẹ́ ni wọ́n fi ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Wọ́n wá dágbére kí wọ́n tó lọ.

Ọ̀rọ̀ wá ku ti àwọn ìyá tí ń gba búrẹ́dì lọ́wọ́ wa tà ní Bódìjà àti ní Ọ̀jẹ́. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí àwọn kan ń ṣe ní irú àkókò bẹ́ẹ̀: iye owó kò yí padà, ṣùgbọ́n búrẹ́dì ń rù díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí àìsàn ń ṣe. A lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a ní owó yóò lé, ìwọ̀n kò ní dín. Àwọn kan bú wa. Mẹ́ta nínú wọn kó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìyá àgbà kan ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi, tí ẹ sọ fún mi kí àwọn oníbàárà mi tó máa bi mí. Ojú ò ní tì mí.”

Kì í ṣe òwò kékeré nìkan ni irú èyí wà fún. Ní 1982, ènìyàn méje kú ní agbègbè Chicago ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí wọ́n lo oògùn Tylenol tí ọ̀daràn kan ti fi májèlé sáyánáìdì sí nínú. James Burke, ọ̀gá àgbà Johnson & Johnson, lè sọ pé kì í ṣe ilé-iṣẹ́ òun ni ó fi májèlé síbẹ̀; òtítọ́ ni ìbá sì jẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà kéde fún gbogbo ìlú pé kí wọ́n má lò ó, wọ́n kó nǹkan bíi 31 mílíọ̀nù ìgò padà, Burke fúnra rẹ̀ sì jókòó níwájú àwọn oníròyìn, ó ń dá wọn lóhùn. Ó ná wọn ju 100 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Láàárín oṣù díẹ̀, oògùn náà padà sí ọjà nínú ìgò tí a dì lọ́nà tí a ó fi mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣí i, àwọn ènìyàn sì tún ń rà á.

Ẹ̀bùn tí àwa mẹ́ta fẹ́ máa fún ilé-ẹ̀kọ́ wa láti ọdún yìí lọ kì í ṣe fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú jù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ díje yóò lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ oníṣòwò tàbí oníṣẹ́-ọwọ́ kan, ìbáà ṣe aránṣọ, alágbẹ̀dẹ tàbí ìyá aláta. Yóò padà wá sọ nínú gbọ̀ngàn, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, bí òwò náà ti ń lọ àti ohun tí ó ń dà á láàmú. Oníṣòwò náà yóò jókòó níwájú. Òun ni adájọ́, òun ni yóò sọ bóyá ohun tí òun wí ni akẹ́kọ̀ọ́ náà gbọ́. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti fọwọ́ sí i, ó sì ti ṣèlérí pé a kò ní fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí fànákúlà ní ọjọ́ náà. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé-iṣẹ́, tí ẹ sì lè gba akẹ́kọ̀ọ́ kan tàbí méjì láàyè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde kí sáà kejì tó bẹ̀rẹ̀.