Kòkòrò tí Kì í Jẹ Ẹ̀fọ́

Ìyàwó àbúrò bàbá mi ni Ìyá Onírú. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí wọ́n gbé e wá sí agboolé wa ní abúlé kan lẹ́yìn Èjìòkú, ní Lágelú. Nítorí pé ó bá mi nílé, kò lè pe orúkọ mi. Ìwé tí ó máa ń rí lọ́wọ́ mi ni ó wò fún mi lórúkọ. Akọ̀wé ni ó ń pè mí títí di òní. Mo ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní èdè Yorùbá láti ohun tí ó lé ní ogún ọdún, ṣùgbọ́n kò sí oyè tí ó dùn mọ́ mi nínú tó èyí tí obìnrin yìí fi mí jẹ. Òun náà ni ó sì jẹ́ kí n mọ̀ pé akọ̀wé lè fi gègé lásán ba ọjà ọlọ́jà jẹ́.

Ní ọdún kan tí àrùn onígbáméjì ń jà káàkiri, àjọ kan gbé ìwé pélébé kan wá fún mi pé kí n yí i láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Iṣẹ́ rere ni. Ìwé náà sọ pé kí a máa fọwọ́ kí a tó jẹun, kí a máa se omi mímu, kí a má ṣe yàgbẹ́ sí etí odò. Kò sí èyí tí mo fẹ́ jà sí nínú wọn, nítorí pé bakitéríà tí ń fa onígbáméjì kì í fi ẹnikẹ́ni ṣeré. Ibi tí mo ti ṣìnà ni ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa ohun tí a fi ń di oúnjẹ. Gẹ̀ẹ́sì tí mo ń wò sọ pé ó ṣeé ṣe kí bakitéríà tí ń fa àrùn wà lára rẹ̀. Èmi gé e kúrú. Mo kọ ọ́ pé kòkòrò àrùn wà lára ewé, kí a fi oògùn apakòkòrò fọ̀ ọ́. Gbólóhùn náà já gaara létí. Mo tilẹ̀ kà á sókè fún ìyàwó mi.

Àwọn tí wọ́n ń pín ìwé náà dé Èjìòkú, ọ̀kan sì bọ́ sí ọwọ́ ọmọ ọmọ Ìyá Onírú, tí ó wà ní ìwé mẹ́wàá nígbà náà. Ó kà á fún ìyá àgbà. Nígbà tí ìyá gbọ́ pé Akọ̀wé rẹ̀ ni ó kọ ọ́, kò tún bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́.

Ó yẹ kí n sọ bí wọ́n ti ń ṣe irú, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń fi í sebẹ̀ ni kò rí i rí. Wọn yóò se èso irúgbá láti alẹ́ mọ́júmọ́. Wọn yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí èèpo yóò fi bọ́, wọn yóò ṣàn án nínú omi títí yóò fi mọ́, wọn yóò sì tún un sè. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò dà á sínú igbá ní gbígbóná, wọn yóò fi ewé bò ó, wọn yóò fi aṣọ wé e, wọn yóò sì gbé e sí ibi tí ó móoru fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ewé eéran ni Ìyá Onírú ń lò, èyí tí ń hù fúnra rẹ̀ lábẹ́ igi kòkó àti létí odò. Ẹnikẹ́ni kì í gbìn ín. Bí ó bá ṣí igbá ní ọjọ́ kẹta, irú yóò ti máa fà, òórùn rẹ̀ yóò sì ti gba ojúlé mẹ́ta.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń wí yìí, ó ra oògùn apakòkòrò nínú ọjà, ó fi fọ ewé, ó fi fọ igbá, ó sì bo irú igbá mẹ́rin. Ní ọjọ́ kẹta, èso irúgbá sísè ni ó bá níbẹ̀. Kò fà, kò rùn bí irú. Ó bò ó padà. Ní ọjọ́ karùn-ún ó ti bàjẹ́, ó ń rùn bí ohun mìíràn, ó sì kó gbogbo rẹ̀ dà sí ààtàn. Owó irú yẹn ni ó fẹ́ fi kún owó ìdánwò ọmọ náà.

Nígbà tí mo dé abúlé, kò bá mi jà. Ó kúnlẹ̀ kí mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó fún mi lómi, ó wá ní, “Akọ̀wé, ọkọ mi, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé kòkòrò wà lára ewé. Kòkòrò wo ni?” Mo la ẹnu, n kò rí ohun kan sọ. Mo san owó ìdánwò náà. Èyí kò dáhùn ìbéèrè rẹ̀.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí ó ń kọ́ni nípa irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀. Mo já ewé eéran méjì láti ẹ̀yìnkùlé Ìyá Onírú, mo sì gbé e lọ bá a. Kò ṣe ju pé ó tẹ ojú ewé náà mọ́ oúnjẹ dídì kan nínú àwo pẹlẹbẹ, ó dé e, ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí mo padà dé, àwòrán ewé náà ti yọ nínú àwo, ọ̀wọ́ bakitéríà ni ó sì yà á: funfun, ìyeyè, àti òmíràn tí ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí àwọ̀ inú gúáfà. Ó ní irú èyí tí ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn máa ń jẹ èémí kan tí ewé ń mí jáde, kì í sì í pa ewé lára. Lórí ibi tí kò fẹ̀ ju èékánná mi lọ lára ewé, ó ní bakitéríà lè tó mílíọ̀nù kan sí mẹ́wàá. Ní 1956 ni obìnrin ará Netherlands kan, Jakoba Ruinen, kọ̀wé nípa àwọn tí ó rí lójú ewé ní Indonesia, tí wọ́n lè mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, ohun tí àgbẹ̀ ń fi owó ra nínú àpò ajílẹ̀.

Nípa irú, ilé wa níbí ni wọ́n ti yanjú rẹ̀. S. A. Odunfa ti Yunifásítì Ìbàdàn ni ó tẹ ìwádìí jáde ní 1981 nípa àwọn ẹ̀dá tí ń sọ èso irúgbá di irú. Bacillus subtilis àti àwọn ẹbí rẹ̀ ni wọ́n gba iwájú nínú iṣẹ́ náà. Bí ayé bá le fún un, Bacillus a máa ká ara rẹ̀ jọ sínú ìkarahun líle tí omi híhó kì í tètè pa. Ẹnikẹ́ni kì í bù ú sínú irú. Ara ewé, ara igbá, ara èso náà ni ó ń gbà wọlé, mo sì ti fi oògùn lé e kúrò lára méjì nínú wọn. Àwọn ará Japan mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: koríko ìrẹsì gbígbẹ ni àwọn baba ńlá wọn fi ń di sóyà sísè títí yóò fi di nattō, Bacillus kan náà tí ń gbé lára koríko yẹn ni ó sì ń ṣe é.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé orúkọ kan kì í sọ ìwà ẹ̀dá wọ̀nyí. Ọ̀rẹ́ mi fi mí wé Ìbàdàn. Ọmọ ogun láti Ifẹ̀, láti Ìjẹ̀bú, láti Ọ̀yọ́ ni wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí 1829. Ará Ìbàdàn ni gbogbo wọn ń jẹ́, ṣùgbọ́n bí o bá ki wọn, oríkì yóò yà wọ́n sọ́tọ̀. Jíìnì ni oríkì bakitéríà. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní Tübingen ní Jámánì tẹ iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ti ka jíìnì Pseudomonas tí ó lé ní 1,500, tí wọ́n kó lára igbó kékeré kan tí ń hù fúnra rẹ̀. Wọn kò rí ìran kan ṣoṣo tí ó jọba lé ewé lórí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìran ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀, àwọn apanilára àti àwọn aláìlẹ́ṣẹ̀. Ní 2022, wọ́n fi hàn pé àwọn aláìlẹ́ṣẹ̀ yìí lè jẹ́ kí ewé gbára dì de àwọn apanilára. Oko wa kò rí bẹ́ẹ̀. Igi ẹ̀gẹ́ ni a ń gé gbìn, ara kan náà ni oko ẹ̀gẹ́ lè jẹ́ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Nígbà tí àrùn bakitéríà tí ń jó ewé ẹ̀gẹ́ yọ ní Nàìjíríà ní 1972, oko púpọ̀ ni ó bá a lọ.

Ní Ìdí-Òṣè, lọ́nà Mọ́níyà, ní ọgbà IITA, wọ́n ti sọ ọgbọ́n yìí di ọjà. Kì í ṣe bakitéríà ni tiwọn, ìran ohun tí ń mú àgbàdo àti ẹ̀pà bu ni. Òmíràn nínú ìran náà ń pọ májèlé tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, òmíràn kì í pọn ọ́n. Wọ́n ṣa mẹ́rin tí kì í pọn májèlé láti oko Nàìjíríà, wọ́n fi wọ́n sára ọkà bàbà, wọ́n sì pè é ní Aflasafe. Kílò 10 ni àgbẹ̀ ń fọ́n sí hẹ́kítà kan kí àgbàdo tó yọ òdòdó, kí àwọn aláìlẹ́ṣẹ̀ lè tètè gba ilé. NAFDAC fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá ní 2014.

Mo wá padà sí èdè, nítorí pé ibẹ̀ ni oúnjẹ mi wà. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Mo wá inú ìwé òwe tí mo ní, n kò rí òwe kan fún kòkòrò tí ó wà ní ìdí ẹ̀fọ́ tí kò sì jẹ ẹ̀fọ́. Kòkòrò ni ó ń jẹ eyín, kòkòrò ni ó ń jẹ ẹ̀wà. Oyin tí ń ṣe wá lóore, oyin ni a ń pè é, a kì í sáábà kà á mọ́ kòkòrò. Ọ̀rọ̀ náà ti dá ẹjọ́ kí ẹlẹ́jọ́ tó rojọ́, èmi ni mo sì gbé e lé bakitéríà lórí láìyọ ẹnìkan sílẹ̀.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún Ìyá Onírú. Ó gbọ́ mi títí, ó ní, “Àwọn tí ń bá ewé gbé tí wọn kò bá a jà, alájọgbé ni wọ́n.” Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí àjọ náà fẹ́ tún ìwé pélébé yẹn tẹ̀, mo tún ojú ìwé náà kọ. Mo fi bakitéríà sí i, mo fi alájọgbé sí i, mo ní kí a fi omi mímọ́ ṣan ewé. Wọ́n fèsì ní ìlà kan pé kòkòrò àrùn ni ó yé aráàlú jù. Bí ti àtijọ́ ni ó ṣe jáde. Mo bẹ̀ wọ́n fún ọgọ́ta tí ó jẹ́ ti Èjìòkú àti àwọn abúlé etí rẹ̀, mo sì jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Onírú ní ọjọ́ Sátidé kan pẹ̀lú báírò pupa, mò ń fagi lé e, mo ń kọ ọ́ sí etí ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ń kà wọ́n jọ. Ìyá wà níwájú wa, ó ń gbọn omi kúrò lára ewé eéran.

Ó ní, “Akọ̀wé, ẹ rọra kọ ọ́ kó hàn o.”