Ẹ̀rọ Tí Ó Ní Ọpọlọ

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo máa ń gbọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó pé ẹ̀rọ ni yóò máa ronú fún wa láìpẹ́. Ẹ fetí sílẹ̀. Oshi Agabi, ọmọ Nàìjíríà tí a bí ní Èkó, dá ilé-iṣẹ́ Koniku sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2015. Ní 2017, ní Arusha ní ilẹ̀ Tanzania, ó fi ẹ̀rọ kan han aráyé. Sẹ́ẹ̀lì ààyè láti ara eku wà nínú rẹ̀, kí ó lè máa gbóòórùn àdó olóró. Wáàtì bí 20 péré ni ọpọlọ ènìyàn ń lò. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣe àwòkọ́ṣe rẹ̀. Kò-ní-kú: orúkọ yìí, àdúrà ni lójú mi, nítorí sẹ́ẹ̀lì tí a kò bá bọ́ yóò kú. Ìwé kíkà àti àròjinlẹ̀ ni oúnjẹ ọpọlọ tiyín. Ẹ bọ́ ọ. Ẹ̀rọ kì yóò bá yín wọ yàrá ìdánwò.