Ilé tí ó ń rìn

Àwọn àgbà wa ní àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní òwe yìí, n kò sì bi ara mi léèrè rí ohun tí a ó wí nípa ẹni tí ó gbé ilé rẹ̀ dání lọ sí àjò. Oṣù Kìíní ọdún 2025 ni ìbéèrè náà wá bá mi ní ẹsẹ̀ Òkè Olúmọ, ní Abẹ́òkúta, níbi tí mo kó àwọn ọmọ kíláàsì SS 2 lọ láti kọ́ nípa ìtẹ̀dó Ẹ̀gbá.

Mo ń sọ fún wọn bí Ṣódẹkẹ́ ṣe kó àwọn ènìyàn wa dé abẹ́ àpáta náà ní ọdún 1830. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ojú wọn ti kúrò lára mi. Ọkọ̀ kan ni wọ́n ń wò. Ọkọ̀ akẹ́rù ni, ọ̀dà pupa ara rẹ̀ ti ṣá, táyà rẹ̀ sì ga. Dípò ẹrù, ilé ni wọ́n kọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀: ilé tí ó ní fèrèsé, tí ó ní ilẹ̀kùn àti àkàbà, tí sólà sì wà ní orí òrùlé rẹ̀. Òyìnbó ọkùnrin kan tí ó ti dàgbà jókòó pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà, wọ́n ń bó ọsàn jẹ.

Kí n tó parí gbólóhùn mi nípa Ṣódẹkẹ́, àwọn ọmọ ti yí wọn ká.

Ará Jámánì ni tọkọtaya náà. Wọ́n ti lo oṣù mẹ́jọ ní ojú ọ̀nà. Wọ́n gba Faransé àti Sípéènì kọjá, wọ́n la Mòrókò àti etí aṣálẹ̀ Sàhárà já, wọ́n sì ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi dé Kétu, ìlú àwọn ìbátan wa ní orílẹ̀-èdè Benin. Ibodè Ìlárá ni wọ́n gbà wọ Nàìjíríà, wọ́n sì tọ ọ̀nà Ìmẹ̀kọ àti Ayétòrò dé ọ̀dọ̀ wa. Kamẹrúùnù ni wọ́n ń lọ. Inú ọkọ̀ yìí ni wọ́n ń sùn, inú rẹ̀ ni wọ́n ń dáná, inú rẹ̀ ni wọ́n ń wẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, irú ọkọ̀ báyìí ti di ọjà àwọn ọlọ́rọ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi Unicat ní Jámánì, Action Mobil ní Austria àti EarthRoamer ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ wọn nìyẹn. Wọn a mú ọkọ̀ ńlá tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí gbogbo táyà, kì í ṣe ti ẹ̀yìn nìkan, wọn a sì kọ́ yàrá tí ògiri rẹ̀ nípọn lé e lórí, kí ooru aṣálẹ̀ àti òtútù orí òkè má baà wọlé. Ibùsùn wà níbẹ̀, ilé ìdáná wà níbẹ̀, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú àgbá omi tí ó ń gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún lítà. Nínú òmíràn, awakọ̀ lè jókòó sí ìdí ìtọ́kọ̀ kí ó jo afẹ́fẹ́ táyà nígbà tí ó bá dé inú yanrìn, kí ó sì tún fẹ́ ẹ padà nígbà tí ó bá bọ́ sí títì. Iye tí EarthRoamer ń ta ọkọ̀ kan ju ìdajì mílíọ̀nù dọ́là lọ. Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé Unimog, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kọ́ ilé lé lórí, ọkọ̀ oko ni. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ṣe é fún àwọn àgbẹ̀ Jámánì.

Bàbá yìí kò ra tirẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kankan. Ọkọ̀ panápaná àtijọ́ ni ó rà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé sí i fún ọdún mẹ́fà. Èyí ni ó mú kí n rìn lọ sí iwájú ọkọ̀ náà láti wò ó. Imú rẹ̀ kúrú, ó rí roboto, ìràwọ̀ inú òbìrí sì wà ní àárín rẹ̀. Mo dúró gan-an bí ẹni tí ó pàdé òkú. Mercedes 911 ni.

Ẹni tí ó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún ní Nàìjíríà kò nílò kí n júwe 911 fún un. Òun ni ó gba ipò lọ́wọ́ bọ́lẹ́kájà Bedford tí àwọn bàbá wa àgbà wọ̀. Fún ẹ̀yin ọ̀dọ́, 9 inú orúkọ rẹ̀ dúró fún tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án tí ọkọ̀ àti ẹrù gbọ́dọ̀ wọ̀n, 11 sì dúró fún agbára ẹṣin 110. (N kò rò pé ẹnikẹ́ni bọ̀wọ̀ fún tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án yẹn ní Láfẹ́nwá.) Àwọn káfíńtà wa ni wọ́n ń kan pákó ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn akunlé a sì kọ ọ̀rọ̀ sí i lórí. “Ayé ń lọ” ni ó wà ní iwájú ti bàbá mi, “Ọmọ Líṣàbí” sì wà ní ẹ̀yìn.

Awakọ̀ 911 ni bàbá mi. Obì gbàǹja ni ó ń kó láti ilẹ̀ Ẹ̀gbá lọ sí Kánò, àlùbọ́sà àti ẹ̀wà ni ó sì ń kó bọ̀. Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, afárá Jẹ́bà, Mọ́kwà, Tẹ́gínà, Kàdúná: bí àwọn ọmọ mìíràn ṣe ń ka oríkì ni mo ṣe ń ka orúkọ wọ̀nyí ní kékeré. Òun náà ń sùn sínú ọkọ̀ rẹ̀. Pákó kan wà ní ẹ̀yìn ìjókòó tí ó ń tẹ́ ẹní lé. Ó ní sítóòfù kẹrosíìnì kan, ìkòkò kan, kẹ́ẹ̀gì omi méjì, àpò gàrí àti àwọ̀n ẹ̀fọn tí ìyá mi rán. Táyà ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tirẹ̀ ń yí. Bí wọ́n bá rì sínú ẹrẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọn a bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti pákó. Ó gbọ́ Hausa dáadáa, ó sì gbọ́ Nupe díẹ̀. Ó máa ń sọ fún wa bí ẹ̀rù ṣe bà á ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972, nígbà tí gbogbo Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ ní apá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún.

Ní ọdún 1982 mo wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, mo sì ń gbé inú ọgbà. Nígbà tí olùkọ́ ní kí a kọ iṣẹ́ bàbá wa sílẹ̀, “oníṣòwò obì” ni mo kọ. Ọmọ lọ́yà àti ọmọ dókítà ni ó yí mi ká.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìbẹ̀wò kan, a ń gbálẹ̀ níwájú ọgbà nígbà tí mo rí 911 tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ géètì. Láti Kánò tààrà ni bàbá mi ti ń bọ̀. Òru ni ó dé, géètì ti wà ní títì, ó sì sùn sínú ọkọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó dúró ti táyà, orín wà ní ẹnu rẹ̀, ó ń fi omi kẹ́ẹ̀gì bọ́jú. Eruku pupa bo irun rẹ̀. Ó pe orúkọ mi. Ọ̀rẹ́ mi kan bi mí pé ta ni ìyẹn.

Mo ní, “Dírẹ́bà bàbá mi ni.”

Bàbá mi ti sún mọ́ wa ju bí mo ṣe rò lọ. Ó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gbé àpò tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi, ó sì ní: “Ọmọ ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ ìwé o. Ọ̀gá ní kí n kó ẹrù yìí wá fún yín. Wọ́n ní kí ẹ má ṣeré jù.” Ó yí padà, ó wọ inú ọkọ̀ rẹ̀, ó sì lọ.

Olùkọ́ èdè ni mí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí. “Ẹ” àti “yín” ni. Bàbá kì í sọ “ẹ” sí ọmọ rẹ̀. “O” ni ó yẹ kí ó sọ, “ọ” ni ó yẹ kí ó fi kádìí ìyẹn. Bí ó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni ì bá lò fún ọmọ àti ọ̀gá, n kì bá má mọ̀ bóyá ó gbọ́ ohun tí mo wí. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni ó sọ. Ó fi arọ́pò-orúkọ méjì gbà fún mi pé dírẹ́bà ni òun, kí ojú má baà tì mí lójú àwọn ẹgbẹ́ mi. Àlùbọ́sà, kúlíkúlí àti agolo Bournvita ni ó wà nínú àpò náà. Kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà rí títí ó fi kú ní ọdún 2009. Èmi náà kò bẹ̀ ẹ́. Ọdọọdún ni mo ń kọ́ arọ́pò-orúkọ ọ̀wọ̀ ní kíláàsì, ọba àti ìyá ìyàwó sì ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kò mọ èyí tí ó ń ṣe mí ní ọjọ́ náà. Orúkọ tí a lè pe ọkọ̀ òyìnbó náà ní Yorùbá ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Ọ̀kan ní “ilé-orí-táyà”, òmíràn ní “ọkọ̀-ilé”. Ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ní kíláàsì ní “ọkọ̀-ìgbín”, nítorí pé bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e. Mo fún un ní máàkì mẹ́wàá nínú mẹ́wàá lójú ẹsẹ̀. Ọmọkùnrin kan wá ní, “Ṣùgbọ́n sà, òyìnbó ló lè ṣe é. Ẹni tí ìyà ń jẹ nìkan ló ń sùn sínú ọkọ̀ lọ́dọ̀ tiwa.”

Mo rán an létí Kúnlé Adéyanjú, tí ó gun alùpùpù láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó ní ọdún 2022, àti Pẹ̀lúmi Nubi, ọmọbìnrin tí ó wa Peugeot kékeré láti Lọ́ńdọ̀nù ní òpin oṣù Kìíní ọdún 2024 tí ó sì dé Èkó ní oṣù Kẹrin. Inú wọn dùn sí ìdáhùn náà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe òun ni ìdáhùn tí mo jẹ ọmọ náà.

Ìyá òyìnbó ṣí ilẹ̀kùn fún wa láti wo inú. Ó mọ́ tónítóní. Pákó ni ibùsùn wọn, wọ́n tẹ́ fóòmù lé e. Sítóòfù wà ní igun, àwọ̀n ẹ̀fọn so kọ́. Bí mo ti ń wò ó, mo rí i pé ohun tí bàbá mi ní kò fi bẹ́ẹ̀ dín sí èyí, àfi omi gbígbóná. Wọ́n ń rìn kí wọ́n lè rí ayé. Ó ń rìn kí a lè jẹun, ó sì rí ayé náà. Kò pè é ní ìrìn àjò rí. Iṣẹ́ ni ó ń pè é.

Bàbá òyìnbó bi mí bóyá mo fẹ́ jókòó sí ìdí ìtọ́kọ̀. Mo gùn ún. Ìtọ́kọ̀ náà fẹ̀, ó sì tinrín, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rántí rẹ̀. Ó ní ṣé mo ti wa irú rẹ̀ rí ni.

Mo ní rárá. “Bàbá mi ni ó ń wà á.”

Àwọn ọmọ gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé. Ọmọkùnrin tí ó sọ̀rọ̀ ìyà ni ó kọ́kọ́ la ẹnu: “Ṣé dírẹ́bà ni bàbá yín, sà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Dírẹ́bà ni bàbá mi. Láti ibí dé Kánò.”

Wọ́n ní ọjọ́ mélòó ni ó ń gbà á, níbo ni ó ń sùn, kí ni ó ń jẹ, ṣé àwọn olè kò dá a lọ́nà rí. Mo dáhùn èyí tí mo lè dáhùn. A pẹ́ kí a tó padà sí ilé ẹ̀kọ́, a kò sì parí ìtàn Ṣódẹkẹ́ ní ọjọ́ náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gba ibẹ̀ kọjá kí n tó lọ sí ibi iṣẹ́. Ọkọ̀ pupa náà ti gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ.