Òpó Gogoro Lẹ́yìnkùlé

Láti ìgbà tí tẹlifóònù alágbèéká ti gbòde ní Nàìjíríà lọ́dún 2001 ni òpó onírin gogoro ti ń yọrí láàrin ilé. Onílé kan ni yóò gbowó ilẹ̀; àwọn tó múlé tì í ni yóò máa gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ tọ̀sán-tòru.

Ẹ̀rù àìsàn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ sínú ìwé ẹ̀sùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2006 pé kò sí ẹ̀rí tó dájú pé irú òpó bẹ́ẹ̀ ń pani lára. Ṣùgbọ́n bí mo bá fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu àwọn ará àdúgbò mi n'Íbàdàn, ohun tó dùn wọ́n jù ni pé, 'Bàbá onílé kò tilẹ̀ fi lọ̀ wá.' Mo gbà pẹ̀lú wọn. Pèrègún lásán tí àwọn baba wa fi ń pààlà, ìṣojú aládùúgbò ni wọ́n ti ń gbìn ín. Áḿbọ̀sì irin tó ga ju gbogbo òrùlé àdúgbò lọ!

Òfin pàápàá kò fohùn ṣọ̀kan. Lọ́dún 2009, àjọ NCC ní kí òpó fi mítà 5 jìnnà sí ilé. Lọ́dún 2011, NESREA tó ń bójú tó àyíká ní mítà 10 ni. Èwo ni aládùúgbò yóò dì mú? Àwọn tí mò ń wí yìí kò tilẹ̀ ní kí a wó òpó. Àwọn náà ń lo fóònù. Kí a gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò lẹ́bàá fèrèsé yàrá wọn ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún.