Ìmẹ̀sí-Ilé, Ìlú Tí Wọ́n Ti Bá Èéyi Jà

Bí ẹ bá ń ti Iléṣà lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, tí ẹ sì ti kọjá Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, òkè ni ẹ ó máa rí lọ́tùn-ún lósì. Agbègbè yìí ni Ẹ̀kìtì Parapọ̀ àti Ìbàdàn ti ja ogun Kírìjí láti 1877 di 1893. Ogun yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sábà máa ń sọ bí wọ́n bá dárúkọ ìlú náà. Èmi fẹ́ sọ ti ogun mìíràn tó jà níbẹ̀, tí kò ní ìbọn, tó sì kan ọmọ tèmi àti tiyín títí dòní. Ogun èéyi ni, àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní measles.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àwa mẹ́ta la jọ lọ: màmá mi, èmi, àti ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí èmi àti ọmọ mi sí. Màmá mi ni ọmọ bíbí Ìmẹ̀sí. 1951 ni wọ́n bí wọn. Ọyẹ́ ti mú kí ojú òkè funfun, àfi bíi pé wọ́n kù ú ní èlùbọ́. Àbúrò màmá mi ọkùnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Ìmẹ̀sí, ti ní kí wọ́n gún iyán dè wá.

Apá mẹ́ta

Lẹ́yìn oúnjẹ, ooru mú, màmá mi ká ọwọ́ bùbá wọn sókè. Ọmọ mi rí àpá roboto kan lára wọn.

"Grandma, kí ló bù yín jẹ?"

Màmá mi rẹ́rìn-ín. "Bùpá ni, ọmọ mi. Wọ́n bu apá mi, wọ́n fi oògùn sí i, kí ṣọ̀pọ̀ná má baà mú mi."

Kíá ni Dádì Ìmẹ̀sí dá sí i: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dárúkọ yẹn nínú oòrùn yìí o! Olóde là ń pè é."

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù yẹn kì í ṣe eré fún àwọn tó bí wọn. Àrùn náà ń pa ènìyàn, ẹni tó bá yè á gbé àpá rẹ̀ lójú títí ọjọ́ alẹ́, ojú ẹlòmíràn a sì fọ́ pátápátá. Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, ọmọ Yorùbá, dọ́gbọ́n wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń bọ ọ́, kí ó lè mọ bí àrùn náà ṣe ń tàn ká láti ọwọ́ wọn. Nígbà tó yá, ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ náà. Ní 1967 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá láti lé àrùn náà kúrò ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ní 1970 ni wọ́n rí ẹni tó ní i kẹ́yìn ní Nàìjíríà, nígbà tó sì di 1980, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ó ti tán lórí ilẹ̀ ayé. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í bu apá ọmọ mọ́.

Èmi náà ní àpá tèmi, ti abẹ́rẹ́ BCG tó wà fún ikọ́ ife. Ilé ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti gún un fún wa, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà níhìn-ín nígbà náà á rántí bí àwọn ọmọkùnrin ṣe máa ń fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ara wọn níbi tó ń dùn wọ́n.

Ọmọ mi na apá tirẹ̀ jáde. Ó dán, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ti gbà ju ti èmi àti ìyá mi lọ, síbẹ̀ kò sí ọ̀kankan tó fi àpá sílẹ̀ tí yóò máa bi wá léèrè nípa rẹ̀.

Káàdì inú ọ̀rá

Ní 1956, dókítà ọmọdé kan láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Iléṣà. Kò jókòó sílé ìwòsàn kí wọ́n máa gbé aláìsàn wá bá a nìkan. Ó tọ àwọn ìyá lọ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n sì ṣí kílíníìkì fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Àti ọmọ tó ń ṣàìsàn, àti èyí tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, gbogbo wọn ni wọ́n ń wọ̀n. Wọ́n á fi àmì ìwọ̀n ọmọ sórí káàdì. Bí ìlà bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà nìyẹn. Bí ó bá dúró sójú kan, wọ́n á tètè wá ohun tó ń ṣe é. Ìyá ọmọ ló ń gbé káàdì náà lọ sílé nínú ọ̀rá. Ìyá tí kò mọ̀wé pàápàá rí ibi tí ìlà ń lọ.

Irú káàdì yìí tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Britain, ẹ ṣí ìwé pupa ọmọ yín. Ẹ ó rí ìlà tó ń gòkè bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ sì ń tọ́jú rẹ̀ sílé.

Èéyi wà lára ohun tó ń dààmú kílíníìkì náà jù. Á bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀fìnkìn: ikọ́, ibà, ojú pípọ́n. Lẹ́yìn náà, ara á sú. Ó ń ba agbára tí ara fi ń bá àrùn mìíràn jà jẹ́, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró àti ìgbẹ́ gbuuru á sì rí ọ̀nà wọlé. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, tí ẹnu rẹ̀ ti di egbò, kò ní lè jẹun, á sì rù hangogo. Bí fítámì A kò bá tó lára rẹ̀, ojú lè fọ́. Màmá mi ní ẹmu ni wọ́n fi ń ra àwọn lára nígbà náà, kí èéyi lè tètè jáde tán.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Samuel Katz, tó ń bá John Enders ṣiṣẹ́ ní Boston, gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi tuntun wá bá Morley. Ìmẹ̀sí-Ilé wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò nílẹ̀ Áfíríkà, kí Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i ní 1963. Màmá mi rántí ọjọ́ kílíníìkì dáadáa. Àwọn ni wọ́n máa ń pọn Dádì Ìmẹ̀sí lọ.

"Ìyá wa kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ tán ká tó dé ibẹ̀," ni wọ́n wí.

Ẹ̀yìnkùlé

Ọmọ mi béèrè ohun tó fà á tí wọ́n fi ń kánjú bẹ́ẹ̀. Màmá mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n mú wa lọ sẹ́yìnkùlé, níbi igi ọsàn kan. Wọ́n ní àbúrò àwọn méjì wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn kan ni, kí kílíníìkì tó dé, èéyi mú àwọn méjèèjì lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí wọ́n bí lẹ́yìn wọn ni wọ́n sọ ní Dúrójayé. Dádì Ìmẹ̀sí nìyẹn. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí.

"Kí ni orúkọ wọn, Grandma?"

"Ìyábọ̀ àti Adébáyọ̀."

Ọmọ mi kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń fi MMR ọmọ rẹ̀ falẹ̀ nígbà náà. Ohun tí Andrew Wakefield gbé jáde ní 1998 ló ń bà á lẹ́rù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ìròyìn tó tẹ̀ ẹ́ jáde ti fagi lé e ní 2010. Gbogbo wa ti bá a sọ̀rọ̀ tì. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, màmá mi fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Wọn ò bá a jà, wọ́n kàn sọ ti Ìyábọ̀ àti Adébáyọ̀ fún un. Ó fèsì pé, "Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa látọjọ́ yìí?" Màmá mi ní, "Wọn kì í sọ irú ẹ̀ sétí ọmọ." Ọmọ náà ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ báyìí.

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ní 2024, iye àwọn tó ní èéyi ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ ju ti ọdún èyíkéyìí lọ láti 2012. Ẹ wo ìwé pupa ọmọ yín. Bí MMR kan bá ṣẹ́ kù, kò sí ọjọ́ orí tó ti kọjá gbígbà á. Ẹ pe dókítà yín. Bí ẹ bá sì ní òbí àgbà nítòsí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ béèrè nípa àpá tó wà lára wọn. Ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọmọ ní Dúrójayé, Málọmọ́, Kòsọ́kọ́ tàbí Rótìmí nínú ẹbí yín, àti ẹni tó lọ kí ẹni yẹn tó dé. Ẹ tètè béèrè, nítorí àwọn tó mọ orúkọ wọn kò pọ̀ mọ́.