Ilé Orin Tí Kò Ní Ìyáàlù

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin gbé mi láti Peckham, tí ó gba inú ihò abẹ́ odò Thames kọjá, tí ó sì já mi sílẹ̀ ní Dalston ní ìhà ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ọjà Ridley Road ni mo kọ́kọ́ yà sí, nítorí ọmọ Yorùbá kì í rí àtẹ iṣu àti ata rodo nílùú òyìnbó kí ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n orin ni ó gbé mi dé àdúgbò náà, orin tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ ṣáájú, tí àwọn tí yóò ṣe é pàápàá kò mọ ọ̀nà tí yóò gbà.

Ní òpópó Ashwin ni Cafe Oto wà, ilé kọfí lọ́sàn-án, ilé orin lálẹ́, láti ọdún 2008. Nígbà tí mo wọlé, bàbá arúgbó kan ti gbé sasofóònù kọ́rùn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan gbá gòjé ńlá tí ó ga jù ú lọ mọ́ra, onílù kan sì to àwo idẹ yí ara rẹ̀ ká. Onílù ni ó bẹ̀rẹ̀: ó mú ọ̀pá gòjé, ó fi ha etí àwo idẹ kan títí igbe tẹ́ẹ́rẹ́ fi jáde lára rẹ̀. Ọmọbìnrin náà tẹ́tí, ó pẹ́ kí ó tó fa okùn kan ṣoṣo. Èémí lásán ni bàbá sì kọ́kọ́ fọn, kí ó tó di ohùn.

Ìyáàlù ni mo ń retí. Àwa tí a bí sí ìdí dùndún mọ̀ pé bí gúdúgúdú bá ń ké, tí kẹríkẹrì ń dá a lóhùn, ìyáàlù ni yóò sọ ibi tí eré ń lọ. Níhìn-ín, ẹni tí ó ṣíwájú nísinsìnyí ni ó tún ń tẹ̀lé ẹlòmíràn kí a tó ṣẹ́jú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: ohun tí bàbá kò rí fọn, ọmọbìnrin náà rí i tẹ̀.

Àwọn kan ní ariwo lásán ni. Ó le fún etí lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin wà nínú rẹ̀, ó sì nira ju òfin orin àkọsílẹ̀ lọ. Ní ọdún 1966 ni John Stevens, onílù, àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Spontaneous Music Ensemble, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú orin yìí ní Little Theatre Club nítòsí St Martin's Lane ní Lọ́ńdọ̀nù, lóru, nígbà tí àwọn òṣèré orí ìtàgé bá ti parí tiwọn. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé bí o kò bá gbọ́ ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ohùn tìrẹ ni ó pọ̀ jù. Ibẹ̀ ni Derek Bailey, onígìtá ọmọ Sheffield, àti Evan Parker gbé dàgbà nínú iṣẹ́ náà. Ní 1970, àwọn àti onílù Tony Oxley dá ilé-iṣẹ́ àwo orin Incus sílẹ̀, kí iṣẹ́ wọn má baà wà lábẹ́ àṣẹ oníṣòwò. Parker yìí a máa fọn sasofóònù láìdánu dúró, a máa fa èémí símú bí ó ti ń tú u lẹ́nu, bí àwọn tí ń fọn fèrè algaita nílẹ̀ Hausa ti ń ṣe.

Lẹ́yìn eré, mo bá onílù sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ fún un pé aládùúgbò mi kan ní Peckham ń lu ìyáàlù níbi ìkómọjáde àti ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n pé ìlù tí ó ti ń darí láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni. Onílù náà ní kí aládùúgbò mi gbé e wá, bí ó bá lè gbà kí ẹlòmíràn ṣíwájú rẹ̀. Mo ṣèlérí pé n óò jẹ́ iṣẹ́ náà bí ó ti rán mi.